Ohùn Méjì ní Etí Awakọ̀: Ìtàn Ẹ̀rọ Ìdènà Ìkọlura Bàálù, 1956 sí 2015

1.0 Ìfáàrà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kan ara. Fún ìgbà pípẹ́, irú èrò tí ó wà nínú òwe yìí ni àwọn tí ń fi bàálù ṣòwò gbára lé. Wọ́n gbà pé òfurufú fẹ̀, pé bàálù kò pọ̀, pé awakọ̀ sì ní ojú. Bí kálukú bá ń wo iwájú rẹ̀, kò sí ìdí tí ọ̀kan yóò fi kọlu èkejì. Ohun tí a ní lọ́kàn láti ṣe nínú bébà yìí ni láti tọpasẹ̀ bí èrò yìí ṣe wó, bí a ṣe fi ẹ̀rọ tí a mọ̀ sí TCAS dí àlàfo tí ó ṣí sílẹ̀, àti wàhálà tuntun tí ẹ̀rọ náà bá wọlé.

Wàhálà tuntun náà ni ọ̀rọ̀ àṣẹ. Kí ẹ̀rọ yìí tó dé, ohùn kan ni awakọ̀ ń gbọ́ àṣẹ láti ẹnu rẹ̀. Ohùn náà ni ti adarí òfurufú, èyíinì ni òṣìṣẹ́ tí ó jókòó ti rédà lórí ilẹ̀, tí ó ń fi rédíò sọ fún awakọ̀ pé kí ó gòkè, kí ó sọ̀kalẹ̀, tàbí kí ó yà. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, ohùn di méjì. Ìbéèrè wa ni pé bí ohùn méjèèjì bá takora, ti èwo ni awakọ̀ yóò gbọ́? Ta ni ó sì yẹ kí ó ti sọ èyí fún un ṣáájú? Èrò wa ni pé ẹ̀rọ náà wọ inú bàálù kí òfin rẹ̀ tó wọlé, àti pé púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní àṣìṣe awakọ̀ nínú ìtàn yìí jẹ́ àbùkù òfin. Ẹ̀rí wa tí ó lágbára jù ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nítòsí ìlú Überlingen ní Jámánì ní ọdún 2002. Ṣùgbọ́n kí a tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀.

2.0 Ìgbà tí Ojú Jẹ́ Ẹ̀ṣọ́

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú náà ni awakọ̀ ìgbà àkọ́kọ́ fi ń ṣọ́ bàálù rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, títí di àárín àwọn ọdún 1950, apá tí ó pọ̀ nínú òfurufú wà láìsí adarí kankan tí ń ya bàálù sọ́tọ̀ síra wọn. Ìlànà ibẹ̀ ni pé kí o rí ẹnìkejì rẹ, kí òun náà rí ọ. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1956, bàálù méjì gbéra ní Los Angeles, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni ó wà láàárín wọn. Ọ̀kan jẹ́ Super Constellation ti ilé-iṣẹ́ TWA, èkejì jẹ́ DC-7 ti ilé-iṣẹ́ United. Wọ́n kọlura lókè Grand Canyon ní ìpínlẹ̀ Arizona, ní nǹkan bí 21,000 ẹsẹ̀ bàtà sókè. Gbogbo ènìyàn 128 tí ó wà nínú wọn ni ó kú. Ní ibi tí wọ́n wà lọ́jọ́ náà, kò sí adarí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ikú wọn wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin òfurufú tuntun ní ọdún 1958, tí ó sì dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa mójú tó gbogbo òfurufú orílẹ̀-èdè náà.

Ìdí tí ojú kò fi tó mọ́ kò ṣòro láti rí. Bí bàálù jẹ́ẹ̀tì méjì bá dojú kọ ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sá eré 800 kìlómítà ní wákàtí kan, 1,600 kìlómítà ní wákàtí kan ni wọ́n fi ń súnmọ́ra. Bí awakọ̀ bá rí èkejì rẹ̀ nígbà tí ó kù kìlómítà mẹ́jọ, nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 18 ni ó ní láti dá a mọ̀, láti pinnu, láti yí ọwọ́, kí bàálù tí ó wúwo náà sì tó gbọ́ràn.

Kíkó bàálù sábẹ́ adarí kò sì yanjú ọ̀rọ̀ tán. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 1976, Trident ti British Airways àti DC-9 ti Inex-Adria kọlura nítòsí Zagreb ní Yugoslavia. Abẹ́ àwọn adarí ibùdó kan náà ni àwọn méjèèjì wà, ènìyàn 176 sì kú. Ní San Diego, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún 1978, adarí kìlọ̀ fún àwọn awakọ̀ Boeing 727 kan nípa bàálù kékeré tí ó wà níwájú wọn. Wọ́n rí i, ó tún pòórá mọ́ wọn lójú, wọ́n sì gbá a. Ènìyàn 144 ni ó kú, títí kan àwọn tí ó wà nínú ilé wọn. Bí a bá wo ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì pọ̀, a óò rí i pé adarí lè ṣì í, ojú náà sì lè tàn ni jẹ lẹ́yìn tí adarí ti sọ òtítọ́.

Àpẹẹrẹ kan wà nílé tí ó fi apá mìíràn hàn wá. Ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 1996, Boeing 727 ti ilé-iṣẹ́ ADC ń bọ̀ ní Èkó láti Port Harcourt. Òun àti bàálù mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í súnmọ́ra lójú òfurufú. Níbi tí awakọ̀ ti ń sá fún ìkọlura, ó yí bàálù náà dà jù, bàálù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì já lulẹ̀ nítòsí Ejìnrìn ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. Gbogbo ènìyàn 144 tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó ṣègbé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Claude Ake sì wà lára wọn. Àwọn bàálù méjèèjì kò fara kan ara. Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé mímọ̀ pé ewu ń bọ̀ kò tó. Awakọ̀ tún nílò ẹni tí yóò sọ fún un bí yóò ṣe yẹ̀ ẹ́ àti ìwọ̀n tí yóò fi yẹ̀ ẹ́.

3.0 Bí Ẹ̀rọ náà Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ yìí lélẹ̀ ni John S. Morrell ti ilé-iṣẹ́ Bendix ní Amẹ́ríkà, ní àárín àwọn ọdún 1950. Èrò rẹ̀ ni pé àkókò ni kí a máa wọ̀n dípò ọ̀nà jíjìn. Ẹni tí ó fẹ́ kọjá lójú títì kì í béèrè iye ẹsẹ̀ bàtà tí ó wà láàárín òun àti ọkọ̀ tí ń bọ̀. Ohun tí ó ń rò ni bí yóò ti pẹ́ tó kí ọkọ̀ náà tó dé ọ̀dọ̀ òun. Ọkọ̀ tí ó jìnnà tí ó ń sáré burúkú lè léwu ju èyí tí ó wà nítòsí tí ó ń rìn gẹ̀rẹ̀ lọ.

TCAS mú èrò yìí lò báyìí. Bàálù kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ ìdáhùn kan tí ń sọ gíga ibi tí bàálù náà wà fún rédà tí ó bá béèrè. TCAS inú bàálù kan a máa bi ẹ̀rọ ìdáhùn àwọn bàálù àyíká rẹ̀ ní ìbéèrè ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Láti inú ìdáhùn wọn ni ó ti ń ṣírò bí ó ti kù tó kí wọ́n pàdé. Bí ó bá ku ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá, ó lè tó 48, yóò kọ́kọ́ kìlọ̀ pé bàálù kan wà nítòsí. Bí ewu náà kò bá kọjá, nígbà tí ó bá ku bíi 15 sí 35, yóò sọ ohun tí awakọ̀ máa ṣe: kí ó gòkè, tàbí kí ó sọ̀kalẹ̀. Kò lè ní kí ó yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún ni a retí pé kí awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, ìyípadà tí ó sì ń béèrè jẹ́ èyí tí kò le, tí bàálù lè ṣe láìdàrú. Irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ ti Ejìnrìn kò ní.

Kókó tí ó ṣe pàtàkì jù fún iṣẹ́ wa ni pé bí bàálù méjèèjì bá ní TCAS, àwọn ẹ̀rọ méjèèjì a máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ọ̀kan bá yàn láti gòkè, èkejì yóò yàn láti sọ̀kalẹ̀. Àdéhùn ni wọ́n ń ṣe, àdéhùn náà kò sì wúlò bí ẹnìkan bá mú tirẹ̀ ṣẹ tí ẹnìkejì kọ̀. Bí ọ̀kan bá gbọ́ràn tí èkejì sì ṣe òdìkejì, ẹ̀rọ yóò ti kó àwọn méjèèjì gba ọ̀nà kan náà.

A tún gbọ́dọ̀ ṣe àkíyèsí orúkọ tí àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà fún ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìmọ̀ràn ni wọ́n pè é. Ṣùgbọ́n ohùn tí ó ń jáde nínú yàrá awakọ̀ kì í gbani nímọ̀ràn. Ó ń pàṣẹ ni, ó sì ń tún àṣẹ náà pè. Láàárín ìmọ̀ràn tí ènìyàn lè gbà tàbí kọ̀ àti àṣẹ tí kò ṣeé kọ̀, ìyàtọ̀ ńlá wà. Ìyàtọ̀ yìí ni àwọn òfin ìgbà náà kò là yé àwọn awakọ̀.

Ìtànkálẹ̀ ẹ̀rọ náà yára ju ti òfin rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1981 ni àjọ òfurufú Amẹ́ríkà pinnu láti mú TCAS ní ọ̀kúnkúndùn. Lẹ́yìn tí DC-9 ti Aeroméxico àti bàálù kékeré kan kọlura lókè Cerritos ní California ní ọdún 1986, tí ènìyàn 82 sì kú, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi ọ̀rọ̀ náà sínú òfin ní ọdún 1987. Nígbà tí ọdún 1993 fi parí, ó ti di dandan fún àwọn bàálù èrò ńlá níbẹ̀. Íńdíà sọ ọ́ di dandan lẹ́yìn ìkọlura Charkhi Dadri ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 1996, ọjọ́ márùn-ún péré lẹ́yìn ti Ejìnrìn, nínú èyí tí ènìyàn 349 kú. Ilẹ̀ Yúróòpù tẹ̀ lé wọn ní ọdún 2000. Báyìí ni ohùn kejì ṣe wọ yàrá awakọ̀ ní ibi púpọ̀ láyé.

4.0 Ìkìlọ̀ láti Jàpáànù, 2001

Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2001, bàálù méjì ti Japan Airlines ń súnmọ́ra nítòsí ìlú Yaizu. Boeing 747 ni ọ̀kan, DC-10 sì ni èkejì. Ènìyàn 677 ni ó wà nínú àwọn méjèèjì. Adarí tí ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ fẹ́ kí DC-10 sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà 747 ni ó pè. 747 bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Kò pẹ́ tí TCAS fi ní kí 747 gòkè, ó sì ní kí DC-10 sọ̀kalẹ̀. Awakọ̀ DC-10 gbọ́ ti ẹ̀rọ. Awakọ̀ 747 ń bá ti adarí lọ. Àwọn méjèèjì jọ ń sọ̀kalẹ̀ sí ara wọn títí wọ́n fi fi ojú rí ara wọn, tí awakọ̀ 747 sì tẹ bàálù rẹ̀ wálẹ̀ gidigidi kí ó lè gba abẹ́ èkejì kọjá. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni ó fara pa nínú 747, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kú.

Gbogbo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní Überlingen ni ó ti hàn níbí: adarí tí ó pẹ́ tàbí tí ó ṣì í, ẹ̀rọ tí ó sọ òdìkejì, awakọ̀ kan tí ó tẹ̀ lé ènìyàn àti èkejì tí ó tẹ̀ lé ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́tàdínlógún kọjá, òfin àgbáyé kò tíì yí padà. Ọ̀nà tí Jàpáànù sì gbà wo ọ̀rọ̀ náà ní ilé-ẹjọ́ ni ti ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkọ̀ọ̀kan: ẹjọ́ àwọn adarí méjì dé ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ, èyí tí ó fìdí ẹ̀bi wọn múlẹ̀ ní ọdún 2010.

5.0 Überlingen, 2002

Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2002, Tupolev 154 ti ilé-iṣẹ́ Bashkirian ń lọ láti Moscow sí Barcelona. Ènìyàn 69 ni ó wà nínú rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ilé-ìwé láti agbègbè Ufa ní Rọ́ṣíà, tí wọ́n ń lọ lo ìsinmi. Boeing 757 akẹ́rù ti ilé-iṣẹ́ DHL ń lọ láti Bergamo sí Brussels, awakọ̀ méjì péré ni ó wà nínú rẹ̀. Ìwọ̀n gíga kan náà ni àwọn méjèèjì wà, 36,000 ẹsẹ̀ bàtà, ọ̀nà wọn sì dábùú ara.

Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n wà, abẹ́ adarí tí ó wà ní Zürich ní Switzerland ni wọ́n wà. Òun nìkan ni ó wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹnìkejì rẹ̀ ti lọ sinmi, gẹ́gẹ́ bí àṣà tí àwọn ọ̀gá ibẹ̀ ti fàyè gbà. Wọ́n ń tún ẹ̀rọ ṣe lóru náà, nítorí náà ìkìlọ̀ tí rédà máa ń gbé sójú àwòrán kò ṣiṣẹ́, ìlà tẹlifóònù tí ó ń lò sì ti dákẹ́. Àwọn adarí ní Karlsruhe ní Jámánì rí ewu náà, wọ́n pè é léraléra, ìpè wọn kò wọlé. Ìjókòó méjì ni ó ń sáré láàárín wọn, nítorí pé bàálù mìíràn ń fẹ́ balẹ̀ ní Friedrichshafen.

Ẹ jẹ́ kí a ka àkókò náà sẹ́yìn. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú-àáyá 50, TCAS inú bàálù méjèèjì kìlọ̀. Nígbà tí ó ku 43, adarí rí ewu náà, ó sì ní kí Tupolev sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí ó ku 36, ẹ̀rọ ní kí Tupolev gòkè, ó sì ní kí Boeing sọ̀kalẹ̀. Awakọ̀ Boeing ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nínú Tupolev, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ pe àkíyèsí sí i pé ẹ̀rọ ní kí àwọn gòkè. Èsì tí ó gbà ni pé adarí ń mú àwọn sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí ó ku 29, adarí tún àṣẹ rẹ̀ pa, kò sì mọ ohunkóhun nípa ohun tí ẹ̀rọ ti sọ. Ó tún sọ fún wọn pé ọwọ́ ọ̀tún ni bàálù kejì wà, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ òsì ni ó wà. Àwọn méjèèjì jọ ń sọ̀kalẹ̀ títí wọ́n fi kọlura. Ènìyàn 71 ni ó kú.

Ní oṣù kejì ọdún 2004, bàbá kan tí ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ méjèèjì kú nínú Tupolev náà lọ pa adarí yìí ní ilé rẹ̀. Ìjábọ̀ àwọn olùwádìí Jámánì jáde ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà. Ní ọdún 2007, ilé-ẹjọ́ kan ní Switzerland dá mẹ́rin nínú àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ó gba adarí náà síṣẹ́ lẹ́bi.

6.0 Ẹ̀bi Ta Ni?

Àwọn kan sọ pé àìgbọràn àwọn awakọ̀ Rọ́ṣíà ni ó fa ikú náà, wọ́n sì fi awakọ̀ Boeing ṣe àpẹẹrẹ pé ẹni tí a kọ́ dáadáa mọ ohun tí ó yẹ. Èrò yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀. Òtítọ́ ni pé bí Tupolev bá ti gòkè, ìkọlura kì bá tí wáyé. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wá pé àṣẹ ta ni wọ́n kọ̀, ìdáhùn kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ìwé ìlànà tí ilé-iṣẹ́ wọn fún wọn sọ pé ohun tí ó ṣe pàtàkì jù láti dènà ìkọlura ni kí awakọ̀ máa wo ìta, kí ó sì mú àṣẹ adarí ṣẹ bí ó ti yẹ. Ó pe TCAS ní ohun èlò àfikún. Ìwé tí ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ náà kọ fún awakọ̀ pàápàá pè é ní àtìlẹ́yìn fún iṣẹ́ adarí. Ibòmíràn sì wà nínú àwọn ìwé wọ̀nyí tí ó kìlọ̀ pé kí awakọ̀ má ṣe òdìkejì ohun tí ẹ̀rọ sọ. Awakọ̀ tí ó ní ìṣẹ́jú-àáyá 36 kò ní àyè láti fi ìwé kan túmọ̀ ìwé kejì.

Àwọn Yorùbá ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí gbà pé ẹni tí a rán ní òye láti tún iṣẹ́ náà ṣe. Ṣùgbọ́n ó ń béèrè àkókò fún ìrònú, ẹni tí ó ránni sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹnìkan. Àwọn awakọ̀ Tupolev kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì. Àwọn olùwádìí Jámánì náà kò dúró lórí àìgbọràn awakọ̀ nìkan. Wọ́n kọ ọ́ pé adarí pẹ́ kí ó tó rí ewu, pé àwọn ọ̀gá rẹ̀ fàyè gba ẹnìkan ṣoṣo lóru, àti pé òfin lórí ẹ̀rọ náà kò pé, kò dọ́gba, ó sì takora ní àwọn ibì kan. Apá ìkẹyìn yìí ni a rò pé ó yẹ kí òpìtàn fún ní ààyè tí ó pọ̀ jù.

Ìbéèrè kan ṣẹ́ kù: kí ló dé tí ó fi yẹ kí ti ẹ̀rọ borí? Ẹ̀rọ kò gbọ́n ju adarí lọ. Adarí ń rí gbogbo àyíká, ẹ̀rọ kò rí ju ẹni tí ó bá dá a lóhùn lọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 2006, Boeing 737 ti ilé-iṣẹ́ Gol àti bàálù kékeré kan kọlura lókè igbó Amazon ní Bùràsíìlì, ní 37,000 ẹsẹ̀ bàtà. Ẹ̀rọ ìdáhùn bàálù kékeré náà kò dáhùn. TCAS kò rí nǹkan kan, ènìyàn 154 sì kú. Ìdí tí ti ẹ̀rọ fi yẹ kí ó borí, lójú tiwa, ni pé ní àwọn ìṣẹ́jú-àáyá ìkẹyìn, òun nìkan ni ó ń bá bàálù méjèèjì sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ó sì mọ ohun tí a ti sọ fún ìhà kejì. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, adarí bá Tupolev sọ̀rọ̀ láìmọ̀ pé Boeing ti ń sọ̀kalẹ̀.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2003, àjọ ICAO, tí í ṣe àjọ àgbáyé lórí ìrìnnà òfurufú, tún òfin rẹ̀ kọ. Láti ìgbà náà, awakọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ohun tí TCAS sọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kódà bí ó bá takora pẹ̀lú ọ̀rọ̀ adarí, àyàfi bí ṣíṣe bẹ́ẹ̀ bá máa fi bàálù sínú ewu. Wọ́n tún ẹ̀rọ náà ṣe pẹ̀lú. Ẹ̀dà tuntun tí a ń pè ní 7.1 tètè ń mọ̀ nígbà tí bàálù kejì kò bá pa àdéhùn mọ́, ó sì lè yí ohun tí ó ti sọ padà. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ó di dandan fún àwọn bàálù ńlá láti oṣù kejìlá ọdún 2015. Láti ọdún 2009 sì ni àwọn bàálù Airbus kan ti ní ètò tí bàálù fi ń mú ọ̀rọ̀ TCAS ṣẹ fúnra rẹ̀.

Nínú bébà yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìtàn TCAS jẹ́ ìtàn bí a ṣe pín àṣẹ, gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ ìtàn ìmọ̀ ẹ̀rọ. Láàárín ọdún 1993 tí Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan àti ọdún 2003 tí òfin àgbáyé sọ ibi tí àṣẹ wà ní kedere, ọdún mẹ́wàá ni awakọ̀ fi gbọ́ ohùn méjì láìsí ẹni tí ó sọ èyí tí ó ga fún un ní ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ méjì. Láàárín ọdún wọ̀nyí ni Yaizu àti Überlingen bọ́ sí. Ilé-ẹjọ́ wádìí ẹ̀bi àwọn ènìyàn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà àti ti àwọn ọ̀gá wọn.  Olùwádìí tí ó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú lórí ọ̀rọ̀ yìí lè bẹ̀rẹ̀ láti inú àwọn ìwé ìlànà náà, kí ó wo bí a ṣe lo ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn àti ọ̀rọ̀ àṣẹ nínú wọn láti ọdún dé ọdún.